Kóòtù Mẹ́tàdínlógún fún Ẹnì Kan Ṣoṣo

Kóòtù kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún obìnrin kan pé yóò rán fún fíìmù ìkẹyìn. Mẹ́tàdínlógún ló rán kí wọ́n tó ya fíìmù náà tán, ẹnì kan náà ló sì wọ gbogbo rẹ̀. Ẹ bi í léèrè lónìí, yóò kà wọ́n fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ ṣe ń ka ọmọ: èyí tó mọ́ tónítóní, èyí tí apá rẹ̀ ya, èyí tí iná jó dé èjìká, èyí tí iná jó kọjá èjìká nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò jó tó. Tó bá kà á dé ìkẹsàn-án, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní kí ẹ jẹ́ kí òun sinmi ná.

Aránṣọ ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà láàárín ti onígbàjámọ̀ àti ti ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán jù. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo nínú ni: ọmọ ń dàgbà, aṣọ ń kéré, ìyá ọmọ ń padà wá. Ọ̀rọ̀ òfuurufú kò kàn án rárá.

Ibẹ̀ ló jókòó sí ní ọdún méjìlá ṣáájú fíìmù ìkẹyìn náà tí ọ̀dọ́kùnrin kan fi wọlé, tó tẹ́ ìwé kan sílẹ̀ lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Àwòrán ọkùnrin kan ló wà lórí ìwé náà. Ó wọ kóòtù tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn ńlá kan, ìràwọ̀ sì kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà.

"Ta nìyí?" obìnrin náà béèrè.

"Aṣọ́bodè ni," ọ̀dọ́kùnrin náà dáhùn. "Òun ló ń ṣọ́ ẹnubodè tó wà láàárín ayé wa àti ayé kejì. Tó bá fi lè kúrò níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo wa ti kú."

"Kò ní ẹni tó lè bá a dúró díẹ̀ kó lọ jẹun?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọn ò bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun fẹ́ ya fíìmù ni, òun fúnra òun lòun máa darí rẹ̀. Ohun tó gbé wá pé kó fi rán kóòtù náà ni tapólì àlòkù kan tí wọ́n ti fi bo ọkọ̀ akẹ́rù títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà ló kán sí i. Nígbà tó wá ku kọ́là nìkan, tapólì tán. Kọ́là ọwọ́ ọ̀tún fi ìbú ìka méjì kéré sí ti òsì, kóòtù náà wá wọ́ sápá kan bí ẹni tó ń tẹ́tí sí òfófó. Obìnrin náà ní kó lọ wá tapólì díẹ̀ sí i wá kí òun lè tún un rán. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé e sókè lójú fèrèsé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́," ló wí. "Ó ti pé."

Ìgbà tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Láti ọjọ́ tí kámẹ́rà ti bọ́ sí i lọ́wọ́, gbólóhùn kan péré ló kù lẹ́nu rẹ̀: ẹ tún un ṣe. Kí fíìmù àkọ́kọ́ tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ ní Ẹ-Tún-Un-Ṣe, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Obìnrin náà gba tirẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àǹtí Kóòtù ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Fíìmù àkọ́kọ́ gbòde. Àwọn èèyàn tí kọ́là wọn tọ́ dáadáa ń gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó bá àwọn yí i wọ́. Ọdún karùn-ún, wọ́n ya ìkejì. Mẹ́rin ló rán fún ìyẹn, rúlà ló sì fi wọn kọ́là náà, nítorí pé àṣìṣe tí èèyàn ṣe láìmọ̀, ó nira kó tó mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó búra pé òun ò tún ní fọwọ́ kan tapólì mọ́ láyé òun.

Ẹ-Tún-Un-Ṣe fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ ẹ́ fún ìkẹta. Irun ti ń wọ́n lórí rẹ̀ báyìí, ó sì ti ní dẹ́rẹ́bà.

"Ẹyọ kan péré, Àǹtí," ló ń wí. "Ìkẹyìn nìyí. Aṣọ́bodè máa kú, gbogbo wa á sì lọ sinmi."

Àǹtí Kóòtù àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé, nínú yàrá méjì tó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ níwájú. Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti ní kó má yọ òun lẹ́nu mọ́, nítorí náà ìdí tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé. Ó ti wo fíìmù Aṣọ́bodè méjèèjì títí tó fi ń bá wọn sọ ọ̀rọ̀ wọn kí wọ́n tó lanu. Ọmọ rẹ̀ kò wo èyíkéyìí dé òpin rí. Ọjọ́ tó gbìyànjú, òwú kan tó yọ lápá òsì ló ń wò, ó bínú, ó dìde lọ fọ abọ́.

"Ṣé lóòótọ́ ló máa kú?" Màmá bi í láàárọ̀ ọjọ́ tó gbọ́ nípa ìkẹta.

"Wọ́n ní ó máa kú."

"Ta ló fẹ́ pa á?"

"Màmá, kóòtù ni mo mọ̀. Mi ò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀."

Ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń kó símẹ́ǹtì sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fíìmù náà. Wọ́n gbá a, wọ́n fọ̀ ọ́, síbẹ̀ eruku funfun kì í kúrò lára aṣọ dúdú. Yàrá kékeré tí wọ́n fún Àǹtí Kóòtù ní fèrèsé kan, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, àìrọ̀nù, àti páìpù irin tó ń fi kóòtù kọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í ya fíìmù bí ìtàn ṣe ń lọ. Wọ́n lè ya ìparí lónìí, kí wọ́n ya ìbẹ̀rẹ̀ lọ́la, kí wọ́n sì fi àárín gbùngbùn sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Òun ló gbọ́dọ̀ mọ bí kóòtù ṣe rí nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló fi ń so ìwé kékeré mọ́ ọrùn wọn: *ihò mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ lápá òsì; ihò márùn-ún, kò sí bọ́tìnnì kejì.* Ohun tó fa ihò kò sí lára ohun tí wọ́n ń sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ-Tún-Un-Ṣe kò lè pinnu irú ikú tí Aṣọ́bodè máa kú. Lọ́jọ́ Ajé, iná ló pa á. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní iná ti pọ̀ jù láyé, ẹ jẹ́ kó já bọ́ látòkè. Ó já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kóòtù méjì bá a lọ. Lọ́jọ́rú, ó ní òun rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní kú mọ́. Inú Àǹtí Kóòtù dùn, ó kó òwú rẹ̀ nílẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ó tún ti kú.

"Ọ̀gá," ló wí fún un lọ́jọ́ náà, "ẹni tó máa kú, ẹ jẹ́ kó kú. Ẹni tó máa yè, ẹ jẹ́ kó yè. Tapólì kì í ṣe bébà."

"Mo gbọ́, Àǹtí. Ẹ bá mi rán méjì sí i."

Òṣèré tó ń ṣe Aṣọ́bodè náà ní ti ẹ̀. Ọdún méjìlá ti gorí rẹ̀, ikùn sì ti gorí bẹ́líìtì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í ṣe agbéraga, àmọ́ ìgbàkígbà tó bá wọ kóòtù wò, ẹjọ́ kan náà ló ń rò.

"Àǹtí, kóòtù yìí ń fún mi."

"Kóòtù kọ́ ló sanra, bọ̀ọ̀dá."

Yóò rẹ́rìn-ín, Àǹtí Kóòtù yóò tú ẹ̀gbẹ́ kóòtù, yóò sì fẹ̀ ẹ́ sí i. Èjìká òsì ni kì í bi í léèrè kó tó tún ṣe. Níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù kejì ni ọkùnrin náà ti fi èjìká yẹn ṣubú, láti ìgbà náà kò lè gbé ọwọ́ òsì kọjá etí. Kò sọ fún àwọn ọ̀gá. Kò sọ fún Àǹtí Kóòtù pàápàá; òun ló rí i nígbà tó ń wọ̀n ọ́n, ló bá rọra gé ibi tí apá ti bá ara kóòtù pàdé kó fẹ̀ dáadáa. Àwọn méjèèjì kò dá a sílẹ̀ rí.

Oṣù kẹrin ni Ẹ-Tún-Un-Ṣe sáré wọ yàrá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní òun ti rí i wàyí: omi. Omi ni Aṣọ́bodè máa kú sí. Wọ́n gbẹ́ táǹkì kan sínú ilé símẹ́ǹtì náà, ó jìn tó ilé alájà kan, wọ́n rọ omi kún un, wọ́n sì tan iná búlúù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òṣèré wọlé ti òun ti kóòtù kẹtàlá. Tapólì kì í mu omi, afẹ́fẹ́ kó sínú rẹ̀, kóòtù wú pọ́ńbé, ẹni tó yẹ kó máa rì wá ń léfòó kiri bí ọ̀rá búrẹ́dì.

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí Àǹtí Kóòtù.

Ó wá òjé, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n, ó rán mẹ́jọ sínú ìṣẹ́tí kóòtù. Ó rì díẹ̀, ó tún léfòó. Ó sọ ọ́ di méjìlá.

"Ẹ fi kún un," Ẹ-Tún-Un-Ṣe wí.

"Ọ̀gá, èèyàn ló wà nínú ẹ̀."

"Òmùwẹ̀ méjì wà níbẹ̀, Àǹtí. Ẹ fi kún un."

Ogún ló fi sí i níkẹyìn. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi rán an, ìyẹn ni kò sì lè gbàgbé lẹ́yìn náà.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, òṣèré rì lọ sísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ó ń tàpá, ó ń na ọwọ́ sókè. Gbogbo àwọn tó dúró nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ń mi orí. Ẹnì kan wí pé kò tíì ṣe é dáa báyìí rí. Òmùwẹ̀ kan wà lókè omi níbi tó jìnnà kí kámẹ́rà má bàa rí i, ìkejì jókòó létí táǹkì, ó ń mu tíì.

Àǹtí Kóòtù kò wo ojú ọkùnrin náà. Apá kóòtù ló ń wò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Apá òsì ti kọjá etí, ó kọjá orí, ó nà gbọọrọ sókè. Ẹni tó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí kò lè gbé ọwọ́ yẹn, kí ló lè mú un gbé e báyìí bí kò ṣe pé ó ti gbàgbé ìrora?

"Ẹ yọ ọ́," ló pariwo. "Kì í ṣe eré."

Ẹ̀rọ tó ń da omi rú ń dún gooro, kò sẹ́ni tó gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ omi í wẹ̀. Ló bá sáré sí òmùwẹ̀ tó ń mu tíì, ó gbá ife náà dànù, ó ki sísọ́ọ̀sì tó máa ń so mọ́ ọrùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀yìn ni kó o ti gé e. Láti kọ́là lọ sísàlẹ̀. Má wá bọ́tìnnì rárá." Ó sì tì í sínú omi.

Ìṣẹ́tí kóòtù ló há sábẹ́ àtẹ̀gùn irin tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, òjé ogún sì fà á mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Òmùwẹ̀ gé e láti ọrùn dé ìdí. Òṣèré bọ́ jáde nínú rẹ̀ bí ẹ̀wà tó bọ́ nínú èèpo, ó yọ lókè omi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń wúkọ́, ó ń pọ omi. Nọ́ọ̀sì dé. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Ẹ-Tún-Un-Ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi tó ṣàn kalẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí eérú.

Tó bá jẹ́ pé ó jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá, tí òṣèré ti mu tíì gbígbóná, tó ti ń dá àwọn èèyàn lóhùn, Ẹ-Tún-Un-Ṣe yíjú sí ẹni tó ń ya fíìmù.

"Ṣé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn?"

Ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wò ó. Ibi tí kóòtù ti ya, tí èèyàn ti bọ́ nínú rẹ̀ tó ń lọ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n dá a padà kí òun tún un wò.

"Ìparí wa nìyí," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò kú. Ó bọ́ kóòtù ni."

Àǹtí Kóòtù yọ téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ká a, ó gbé e lé orí tábìlì wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jáde, ó wọ bọ́ọ̀sì, omi tó ta sí i nígbà tí òmùwẹ̀ já sínú táǹkì ń ro tótó lápá aṣọ rẹ̀ títí ó fi délé.

Màmá ń to ìrọ̀rí sí ìdí orúnkún nígbà tó wọlé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kó tó dáhùn.

"Ta ló ní kó o fi òjé yẹn sí i?"

"Ọ̀gá ni."

"Ta ló rán an?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín, ẹ pín in." Ó fọwọ́ tẹ ìrọ̀rí náà. "Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, dókítà kan ní kí n dúró, mo sì rí i pé kò yẹ ká dúró. Mo dúró. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni ọmọ yẹn fi yè. Lọ́jọ́ kejì, ojú ń tì mí débi pé mi ò fẹ́ lọ. Ìyá mi bi mí pé, tí mo bá jókòó sílé, ta ló máa wà níbẹ̀ tí dókítà yẹn bá tún ní kí wọ́n dúró."

"Ọ̀rọ̀ aláboyún kọ́ lèyí, Màmá. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni."

"Mo mọ̀. Jẹun."

Kò lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń rán síkẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san lára aṣọ. Fóònù ń dún, kò wò ó. Lọ́jọ́ kẹrin, ariwo sọ níwájú ilé onígbàjámọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, òṣèré wọlé. Àwọn tí irun wọn wà ní ìlàjì dúró lẹ́nu fèrèsé, wọ́n ń wò. Ọkùnrin náà jókòó lórí àpótí kékeré tí àwọn ọmọdé máa ń gùn fún ìwọ̀n, ó gbé ọ̀rá kan lé itan.

"Wọ́n ti wá ẹlòmíràn," ló wí, ó sì yọ kóòtù kan síta.

Àǹtí Kóòtù kò fẹ́ wò ó. Ó wò ó. Kọ́là méjèèjì dọ́gba bí eyín àtọwọ́dá, ibi apá sì fún pinpin.

"Ẹ ò lè gbé ọwọ́ nínú eléyìí."

"Mi ò lè gbé e."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?"

"A máa tún ibi omi yẹn yà. Wọ́n ní òmùwẹ̀ hàn nínú ti tẹ́lẹ̀."

Ó ju kóòtù náà sílẹ̀. "Ẹ̀ ń padà sínú omi yẹn? Bọ̀ọ̀dá, ṣé ara yín yá ṣá?"

Ọkùnrin náà gbé kóòtù náà nílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Tí a ò bá parí ẹ̀, Aṣọ́bodè ni n ó máa jẹ́ títí n ó fi kú. Ní ọjà, Aṣọ́bodè. Ní báǹkì, Aṣọ́bodè. Ìyàwó mi gan-an, ohun tó ń pè mí nìyẹn tí inú bá bí i. Mo fẹ́ bọ́ kóòtù yìí lójú gbogbo ayé, kí wọ́n rí i pé mo bọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́ fún mi."

Obìnrin náà tún wo ibi apá kóòtù náà. Ó ń rò ó pé bí òun bá jókòó síbí, ẹni tó rán kóòtù burúkú yìí ló máa dúró létí táǹkì, kò sì mọ nǹkan kan nípa èjìká òsì. Inú bí i pé ọ̀rọ̀ Màmá ló tún ń sọ fún ara rẹ̀ yìí.

"Ẹ dìde," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín. Ẹ sì ti tún sanra."

Ìkẹtàdínlógún ló rán ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Kí á tó fi ẹ̀rọ rán aṣọ, ìrán ọlọ́wọ́ kan wà tí à ń kọ́kọ́ rán, òwú rẹ̀ kò le, ó sì jìnnà síra, nítorí pé a máa fà á yọ. Irú ìrán yẹn ló lò sí gbogbo ẹ̀yìn kóòtù náà, láti kọ́là dé ìṣẹ́tí, òwú ẹyọ kan, ó sì fi orí òwú náà pamọ́ sí àyà níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti lè dé e. Wọ́n dán an wò lórí ilẹ̀. Òṣèré fa òwú. Kóòtù pín sí méjì kí ẹni tó wà níbẹ̀ tó ṣẹ́jú.

Ó gbé e lọ bá Ẹ-Tún-Un-Ṣe nínú ọ́fíìsì. Ó bá a tó dorí lé tábìlì, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ níwájú.

"Òjé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀," ló wí fún un, kò jókòó. "Ẹ má sọ fún mi pé kí n fi kún un. Ẹ yọ àtẹ̀gùn yẹn kúrò nínú táǹkì. Èmi ni mo máa dúró létí omi, tí mo bá sì ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀yìn kóòtù yìí máa já. Mi ò ní rán an padà."

"Mo gbà." Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. "Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mo bá ní ó ti tó, ó parí nìyẹn. Kí ni n ó wá jí ṣe lọ́jọ́ kejì?"

Àǹtí Kóòtù ti ń gbèrò láti sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i láti ọjọ́ mẹ́fà. Ó wá wò ó, ó rí i pé ọmọ tó tẹ́ ìwé sórí tábìlì òun ṣì ni, irun ló ti lọ.

"Ẹ sùn," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá jí, ẹ jẹun. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n yà á lọ́jọ́ kejì ní aago mẹ́wàá. Àǹtí Kóòtù dúró létí táǹkì, òmùwẹ̀ mẹ́rin wà nínú omi, kò sí ẹni tó mu tíì. Òṣèré rì. Ó dúró nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti kà fún un, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí àyà, ó fa òwú. Kóòtù là. Apá kan lọ sọ́tùn-ún, èkejì lọ sósì, wọ́n rọra ń rì, ọkùnrin náà sì gun omi lọ sókè láìkánjú.

Ẹ-Tún-Un-Ṣe la ẹnu. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgọ́ta dúró, wọ́n ń retí ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ọdún méjìlá. Ó wo Àǹtí Kóòtù, ó pa ẹnu dé, ó tún là á.

"Ó tó," ló wí.

Ẹni tó mú iná dání sunkún. Wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni fíìmù náà jáde. Òṣèré ti ń ṣe bàbá ìyàwó nínú eré alápanilẹ́rìn-ín kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ló sì ń wọ̀. Ẹ-Tún-Un-Ṣe ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù. A gbọ́ pé ó ń jẹ́ kí wọ́n tètè relé. Wọ́n fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí Àǹtí Kóòtù pé kó wá wo fíìmù náà pẹ̀lú àwọn èèyàn ńlá. Kò lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ọ̀sán, òun àti Màmá wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà sinimá bíi gbogbo ayé, wọ́n sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kí Màmá lè na orúnkún.

Fún bí ogún ìṣẹ́jú, kóòtù nìkan ló ń wò. Ó rí ìkẹta, ó rí ìkeje, ó rí ibi tí ó ti fi àwọ̀ bo ìrán òwú tó wọ́. Lẹ́yìn náà, kò mọ ìgbà tó dá a dúró. Ohun tó ń fa àwọn ihò wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Ọmọbìnrin kan wà ní òdìkejì ẹnubodè, ọmọ Aṣọ́bodè ni. Àwọn tó jókòó yí Àǹtí Kóòtù ká ń sunkún. Nígbà tí kóòtù là sí méjì nínú omi, ọmọdé kan lẹ́yìn wọn mí kanlẹ̀, Màmá sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Iná tàn. Orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ń gòkè lójú ògiri, èèyàn ń dìde, wọ́n dí wọn lójú. Wọn kò rí ti Àǹtí Kóòtù.

Ní ibùdókọ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Màmá, ọmọbìnrin yẹn, ta ló tì í mọ́ òdìkejì?"

Màmá yí gbogbo ara sí i. "O ò mọ̀?"

"Wọn ò sọ ọ́ nínú èyí tá a wò yìí."

"Nínú ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́. Bàbá ẹ̀ ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn, kò mọ̀ pé ọmọ ò tíì wọlé. Kí lo rò pé ó ń dúró dè níbẹ̀ láti ìgbà yẹn?"

"Mo rò pé ó ń ṣọ́ ọ̀tá ni."

"Ọ̀tá bíi ti báwo? Ọdún méjìlá lo fi rán aṣọ sí i lọ́rùn." Màmá mi orí, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sú u pátápátá. "Gbọ́, má já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìlú kan wà tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹnubodè yẹn."

Bọ́ọ̀sì méjì dé, méjèèjì lọ, wọn kò dìde. Nígbà tí ìkẹta dé, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìtàn fíìmù kejì ni. Àǹtí Kóòtù ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ.